Béèrè Lọ́wọ́ Àǹtí Onífíìmù: Fíìmù Kérésì Àtijọ́ Wo La Lè Wò Lọ́dún Yìí?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìmúra ọdún o. Látìgbà tí oṣù Kọkànlá ti wọlé ni lẹ́tà àti àtẹ̀jíṣẹ́ yín ti ń ya wọlé, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ló sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni, fíìmù Kérésì wo ló dáa téèyàn lè jókòó wò pẹ̀lú ẹbí, pàápàá àwọn ti àtijọ́ tí ayé ò tíì gbàgbé. Mo mú díẹ̀ nínú ẹ̀. Èyí tí mo bá fẹ́ràn màá sọ pé mo fẹ́ràn ẹ̀, èyí tí mi ò fẹ́ràn náà, ẹ máa gbọ́ ọ.

Ìbéèrè: Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Kánádà ń bọ̀ wálé lọ́dún yìí pẹ̀lú ọkọ ẹ̀ àtọmọ mẹ́ta, èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún méje, ẹ̀gbọ́n wọn pátápátá jẹ́ mẹ́rìnlá. Bàbá wọn àgbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún náà máa wà ńlé. Tẹlifíṣàn kan ṣoṣo ló wà ní pálọ̀ wa. Èmi ò mọ̀ ju Home Alone lọ. Kí la lè wò tí gbogbo wa á fi jókòó sójú kan? (Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ìyá wa, Ọlọ́run á mú wọn dé láyọ̀ o, ẹ máa rí wọn gbà tọwọ́tẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ pé fíìmù kan ṣoṣo lẹ ní kí n mú, mi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì, It's a Wonderful Life ni. Ọdún 1946 ni wọ́n ṣe é, dúdú àti funfun ni, Frank Capra ló darí ẹ̀, James Stewart ló ṣe George Bailey tí ìtàn náà dá lé lórí. Mo mọ̀ pé báwọn ọmọ yẹn bá ti rí i pé kò ní àwọ̀ wọ́n máa fẹ́ dìde, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún yín ní ogún ìṣẹ́jú péré, wọn ò ní lè dìde mọ́.

George yìí, látìgbà tó ti wà ní kékeré ló ti ń sọ pé òun máa rìnrìn àjò, òun máa fi Bedford Falls tó jẹ́ ìlú kékeré sílẹ̀, òun máa lọ máa kọ́ afárá àti ilé gogoro káàkiri ayé. Kò lọ ibì kankan. Bàbá ẹ̀ kú, iṣẹ́ bàbá sì já lé e lọ́wọ́. Ẹ wá wo irú iṣẹ́ tó jẹ́ o, torí ibẹ̀ gan-an ni fíìmù yẹn ti wọ ilé Yorùbá. Building and Loan ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ṣàlàyé ẹ̀ fún ìyá mi tó taṣọ ní Dùgbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló máa pè é: àwọn mẹ̀kúnnù ìlú ń dá owó jọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi owó yẹn yá ara wọn láti kọ́lé, ẹni tó kọ́lé lónìí ń san án padà kí ẹlòmíì náà lè kọ́ tiẹ̀ lọ́la. Ọ̀gbẹ́ni Potter tó ni báńkì, tó tún ni àwọn ilé játijàti táwọn tálákà ń háyà, kò fẹ́ rí ẹgbẹ́ yẹn sójú rárá, torí ẹni tó bá ti nílé tiẹ̀ kò ní san owó ilé fún un mọ́.

Ọjọ́ tí George ṣègbéyàwó gan-an ni ariwo ta nígboro pé nǹkan ti bà jẹ́ ní báńkì, làwọn èèyàn bá ya bo ọ́fíìsì wọn, kálukú ní kí wọ́n kó owó òun fóun. George dúró lẹ́yìn káńtà ó ń ṣàlàyé fún wọn pé owó yín ò sí nínú àpótí níbí, inú ilé lágbájá ló wà, ti làkáṣègbè sì wà nínú ilé tìẹ. Wọn ò fẹ́ gbọ́. Mary ìyàwó ẹ̀, tí aṣọ ìgbéyàwó ò tíì kúrò lára ẹ̀ dáadáa, ló na owó tí wọ́n fẹ́ fi lọ gbádùn ara wọn sókè, $2,000, wọ́n wá ń bi olúkúlùkù pé èló ló máa gbé ẹ títí báńkì á fi ṣí. Nígbà tí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ yẹn, dọ́là méjì péré ló kù.

Mo wà ní yunifásítì nígbà tí mo kọ́kọ́ wo ibẹ̀ yẹn, mo sunkún débi pé ẹni tá a jọ wà ní yàrá bi mí pé ta ló kú. Tíṣà ni bàbá mi, òun sì ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún kan láàárín àwọn ọdún 1990, báńkì tí wọ́n kó owó ẹgbẹ́ sí kógbá sílé, inú oṣù Kejìlá ló bọ́ sí, àwọn èèyàn wá sílé wa ní ìdájí, àwọn kan ń pariwo, àwọn kan kàn jókòó sórí pèpéle wọn ò sọ nǹkan kan, ìyẹn ló tiẹ̀ bà mí lẹ́rù jù. Bàbá mi ta mọ́tò ẹ̀. Owó yẹn ò pé títí ọdún Àjíǹde fi dé. Àmọ́ nígbà tó ku ọ̀la Kérésì, màmá kan tó wà lára àwọn tó pariwo jù mú àkùkọ kan wá, ó ní kí ìyá mi fi se ọbẹ̀ ọdún fáwa ọmọ, ó yí padà ó sì ń lọ. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà títí màmá yẹn fi yí kọ́nà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fáwọn èèyàn pé fíìmù yẹn kì í ṣe fíìmù òyìnbó lójú mi.

Ibì kan tún wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi han bàbá wọn àgbà. Martini, ará Ítálì kan tó ń ta ọtí, kó dé ilé tuntun tí ẹgbẹ́ bá a kọ́, òun àtìyàwó àtàwọn ọmọ rẹpẹtẹ. George àti Mary dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé búrẹ́dì fún wọn kí ebi má wọ ilé náà láé, iyọ̀ kí ayé wọn lè ládùn, wáìnì kí ayọ̀ má tán ńbẹ̀. Ẹ wò ó, ṣé kì í ṣe ohun tá à ń fi iyọ̀ àti oyin ṣe níbi ìkómọjáde nìyẹn? Ẹ dá fíìmù dúró níbẹ̀, kẹ́ ẹ sọ fáwọn ọmọ Kánádà yẹn ohun tí wọ́n fi tọ́ wọn lẹ́nu wò níjọ́ tí wọ́n sọ wọ́n lórúkọ.

Kẹ́ ẹ má bàa sọ pé mi ò kìlọ̀: ibì kan le ńbẹ̀ fún ọmọ ọdún méje. $8,000 owó ẹgbẹ́ sọnù lọ́wọ́ àbúrò bàbá George, Potter ló rí i tó sì gbé e pa mọ́, George wá rò ó pé òkú òun níye lórí ju ààyè òun lọ nítorí owó ìbánigbófò, ó lọ dúró sórí afárá. Ibẹ̀ ni áńgẹ́lì kan tó ń jẹ́ Clarence ti yọ sí i, tó fi bí ìlú á ṣe rí han án ká ní wọn ò bí i rárá. Ẹ fa ọmọ kékeré yẹn mọ́ra níbẹ̀. Wọ́n sì máa bi yín lẹ́yìn ẹ̀ pé ṣé wọn ò mú Potter ni, torí wọn ò mú un lóòótọ́, ó jẹ owó yẹn gbé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bi yín, ẹ má parọ́ fún wọn.

Ẹ tún sọ eléyìí fún wọn, wọ́n máa gbádùn ẹ̀. Yìnyín tó bo ìlú yẹn kì í ṣe yìnyín o. Inú ooru ọdún 1946 ní California ni wọ́n ya fíìmù náà. Ṣáájú ìgbà yẹn, kọnfilẹ́ẹ̀kì tí wọ́n kùn ní funfun ni wọ́n máa ń dà sílẹ̀ ní Hollywood, téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ á máa ró kàràkàrà débi pé wọn ò ní gbọ́ ohun tí òṣèré ń sọ, wọ́n á wá tún ohùn gbà lẹ́yìn ẹ̀. Capra ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ni wọ́n bá po ohun tí wọ́n fi ń paná pọ̀ mọ́ ọṣẹ àti omi, wọ́n ń fi ẹ̀rọ fẹ́ ẹ káàkiri, James Stewart wọ kóòtù òtútù ó ń sáré nínú ẹ̀, oòrùn sì ń pa á.

Fíìmù yẹn ò tiẹ̀ pawó bó ṣe yẹ nígbà tó jáde, wọ́n dárúkọ ẹ̀ fún Oscar márùn-ún, kò gba ìkankan nínú márààrún. Philip Van Doren Stern tó kọ ìtàn tí wọ́n mú un jáde láti inú ẹ̀ pàápàá ò rẹ́ni bá a tẹ̀ ẹ́, òun fúnra ẹ̀ ló tẹ 200 ẹ̀dà lọ́dún 1943 tó fi ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ bíi káàdì Kérésì. Ohun tó gbé fíìmù náà ga ni pé lọ́dún 1974 àwọn tó ni ín kò tún ẹ̀tọ́ wọn lórí ẹ̀ gbà nígbà tó yẹ, làwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà bá rí ohun tí wọn ò ní sanwó fún, wọ́n ń gbé e sáfẹ́fẹ́ ní gbogbo Kérésì, lónìí lọ́la, títí tó fi di ara ọdún fún wọn. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, torí náà ẹ tètè jẹun alẹ́, kẹ́ ẹ sì ti ra epo jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ káalẹ́ Àǹtí. Mo rí i pé àwọn kan ti kun àwọn fíìmù àtijọ́ bíi Miracle on 34th Street ní àwọ̀. Ṣé kí n kúkú dáńlóòdù ìyẹn? Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní dúdú-funfun máa ń mú oorun wá. (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Àkúrẹ́)

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má kàn án. Àwọn tó ya àwọn fíìmù yẹn mọ̀ pé dúdú àti funfun ni, bí wọ́n ṣe gbé iná síbí, tí òjìji bọ́ sọ́hùn-ún, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ti wò dáadáa. Ẹni tó wá kùn ún lẹ́yìn ogójì ọdún, ojú gbogbo èèyàn á wá dà bí ẹni tó fi pańkéèkì kun ara. James Stewart fúnra ẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé òun ò fẹ́ kí wọ́n máa kun fíìmù òun.

Àmọ́ inú mi dùn pé o dárúkọ Miracle on 34th Street. Ti 1947 ni kó o wò, kì í ṣe ti 1994. Bàbá arúgbó kan tó ní Kris Kringle lorúkọ òun di Bàbá Kérésì ní Macy's, ṣọ́ọ̀bù ńlá yẹn ní New York, ó wá ń sọ fáwọn oníbàárà pé tí ohun tí wọ́n fẹ́ ò bá sí níbí kí wọ́n lọ rà á ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Wọ́n ní orí ẹ̀ ò pé, ọ̀rọ̀ di ti kóòtù, kí lọ́yà ẹ̀ fi hàn pé Bàbá Kérésì ni bàbá náà lóòótọ́. Bí ẹjọ́ yẹn ṣe parí, tó jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ pósọ́fíìsì ló gbà á sílẹ̀, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀. Edmund Gwenn tó ṣe bàbá náà gba Oscar fún un. Àwọn èrò àti bálúùnù ńlá tó o máa rí níbẹ̀rẹ̀, ọdún Ìdúpẹ́ 1946 ní New York ni wọ́n ti yà á, láàárín èrò gidi.

Ohun tó máa ń pa mí lẹ́kún ńbẹ̀ kéré. Ọmọbìnrin kékeré kan tí wọ́n gbà tọ́ láti ilẹ̀ àwọn Dutch lẹ́yìn ogun wá kí Bàbá Kérésì, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, ìyá tó gbà á tọ́ ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má bínú. Bàbá yẹn kàn bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọmọ náà sọ èdè ẹ̀, wọ́n sì jọ kọrin. Ojú ọmọ yẹn! Ẹni tó bá ti lọ sí ìlú tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ Yorùbá rí, tó wá gbọ́ “ẹ káàárọ̀” lẹ́yìn ẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kan, ó mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Gbogbo fíìmù Kérésì táwọn ọmọ mi ń wò, Bàbá Kérésì ni, yìnyín ni, ẹ̀bùn ni, àgbọ̀nrín tó ń fò ni. Ọjọ́ ìbí ta là ń ṣe gan-an? Ṣé kò sí èyí tí Jésù wà ńbẹ̀ ni? (Ìyá Ṣọ́ọ̀ṣì kan, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ìdáhùn: Ìyá wa, ìbéèrè yín tọ́, mo sì gbà pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbé ọmọ jó, wọ́n gbàgbé orúkọ ẹ̀. Ẹ wá The Nativity Story, ti ọdún 2006. Ìrìn Màríà àti Jósẹ́fù láti Násárẹ́tì lọ sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ló pọ̀ jù ńbẹ̀, ìyà ọ̀nà, odò tí wọ́n là kọjá, oúnjẹ tó ń tán lọ, owó orí tí àwọn aṣojú Hẹ́rọ́dù ń fi ipá gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀. Keisha Castle-Hughes tó ṣe Màríà ò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ, ó sì ṣe é bí ọmọdébìnrin tí ẹ̀rù ń bà tó ṣì ń gbọ́ràn, kì í ṣe bí ère. Matera ní Ítálì àti ilẹ̀ Mòrókò ni wọ́n ti ya ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀. Inú Vatican ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi í han aráyé, fíìmù kankan ò sì tíì ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú ẹ̀. Jósẹ́fù inú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ dáadáa. Ìgbà tó ń fi oúnjẹ tiẹ̀ pa mọ́ fún ìyàwó tó lóyún, mo fẹ́ káwọn ọ̀dọ́mọkùnrin inú ṣọ́ọ̀ṣì yín rí i.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tó ń sọ Yorùbá, fíìmù Jesus ti 1979 wà, inú Ìhìn Rere Lúùkù ni wọ́n ti mú un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìbí Jésù ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ó dá mi lójú pé àwọn kan nínú àwọn tó ń ka èyí á rántí ìgbà tí wọ́n ta aṣọ funfun síta ní pápá iléèwé, tí gbogbo àdúgbò gbé àpótí àti ẹní wá, tí wọ́n ń gbọ́ Jésù tó ń sọ Yorùbá fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ wá a fún àwọn ìyá àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Fáwọn ọmọ, A Charlie Brown Christmas, ti ọdún 1965, kò tó ìdajì wákàtí. Àwòrán ẹ̀fẹ̀ ni. Ọmọ kan tí inú ẹ̀ ò dùn sí bí gbogbo ayé ṣe sọ Kérésì di ọjà wá ń béèrè ìbéèrè tẹ́ ẹ béèrè yìí gẹ́lẹ́, ọ̀rẹ́ ẹ̀ Linus wá dúró sórí ìtàgé, ó ka Lúùkù orí kejì fún un, àwọn olùṣọ́ àgùntàn ní pápá, bó ṣe wà nínú Bíbélì láìyọ nǹkan kan. Àwọn kan tó wà nídìí iṣẹ́ náà ń bẹ̀rù pé ìyẹn ò bá tẹlifíṣàn mu, Charles Schulz tó ni àwọn àwòrán náà ní àfi kó wà ńbẹ̀. Ó sì wà ńbẹ̀ dòní.

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékùm o, Àǹtí. Mùsùlùmí ni wá, àmọ́ Kìrìsìtẹ́nì làwọn tá a jọ ń gbélé, tá a bá pa àgbò Iléyá àwọn ọmọ wọn máa ń kún pálọ̀ mi, ní Kérésì tèmi náà á sì kún ọ̀dọ̀ wọn. Fíìmù wo ni gbogbo wọn lè wò tí kò ní dà bí ìgbà tí wọ́n ń wàásù fáwọn ọmọ mi? (Àlàájà kan, Ìwó)

Ìdáhùn: Wà àlékùm sàlámù, Àlàájà. Home Alone ti 1990 ló yá jù. Kevin, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí àwọn òbí ẹ̀ gbàgbé sílé, tí olè méjì wá fẹ́ fọ́ ilé mọ́ lórí. Nílé wa, kásẹ́ẹ̀tì fídíò tá a fi ń wò ó ti gbó débi pé òjò máa ń rọ̀ lójú tẹlifíṣàn ní ibi tí áyọ́ọ̀nù ti já lu olè lójú, torí ibẹ̀ la máa ń dá padà. Ẹ kàn kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má dán àwọn pàkúté yẹn wò lára ọmọ aládùúgbò. Ìṣẹ́jú díẹ̀ wà tí ọmọ náà wọ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń kọrin, kò sí ìwàásù ńbẹ̀, òun àti bàbá arúgbó aládùúgbò tí gbogbo ọmọ àdúgbò ń sá fún ló jọ jókòó, bàbá yẹn sì jẹ́wọ́ fún un pé òun àti ọmọ òun ọkùnrin ti ń bínú síra àwọn tipẹ́. Èmi gbà pé ibẹ̀ ni ọkàn fíìmù yẹn wà, kì í ṣe níbi pàkúté.

The Snowman náà dáa, fíìmù àwòrán ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1982, ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú ìtàn náà àfi orin kan ṣoṣo, nítorí náà ọmọ tí kò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá á gbádùn ẹ̀. Ọmọdékùnrin kan mọ ère yìnyín, ère náà jí lóru, wọ́n jọ fò lọ sójú ọ̀run. Ó máa ń yọ́ lẹ́yìn ẹ̀ o, ẹ múra sílẹ̀ láti rẹ ọmọ lẹ́kún.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án bi mí níjọ́sí pé “Dádì, ṣé àwọn aláwọ̀ dúdú kì í ṣe Kérésì láyé àtijọ́ ni?” torí nínú gbogbo fíìmù àtijọ́ tá a ti wò, kò rẹ́ni tó jọ ọ́. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. (Ọmọ Ìjẹ̀bú kan, Peckham)

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ọmọ yẹn lójú inú, sọ òótọ́ fún un. Sọ fún un pé wọ́n ń ṣe Kérésì, wọn ò kàn gbé kámẹ́rà síwájú wọn ni. Nígbà tí wọ́n bá sì rántí wọn, ọ̀pọ̀ ìgbà yẹ̀yẹ́ ni. Nínú Holiday Inn ti 1942, fíìmù tí orin White Christmas ti kọ́kọ́ jáde nínú sinimá, Bing Crosby kun ojú ẹ̀ ní dúdú láti kọrin ọjọ́ ìbí Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà ìgbà kan. Mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ má wò ó, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ wò ó, kí ọmọ yẹn dàgbà díẹ̀ sí i, kó o sì jókòó tì í.

Lọ́dún yìí gbé The Preacher's Wife ti 1996 sí i. Denzel Washington ni áńgẹ́lì, Whitney Houston ni ìyàwó pásítọ̀, Courtney B. Vance ni pásítọ̀ tí ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀ ti fẹ́ wó lé e lórí tí kò sì ráyè fún ilé ẹ̀ mọ́. Àtúnṣe The Bishop's Wife ti 1947 ni, àmọ́ ti 1996 yìí ni mo yàn, torí àwọn tó wà nínú ẹ̀ mọ ohun tí ṣọ́ọ̀ṣì adúláwọ̀ ń jẹ́. Georgia Mass Choir ló wà lẹ́yìn Whitney, Cissy Houston ìyá ẹ̀ gan-an sì wà láàárín akọrin. Tí Whitney bá gbóhùn sókè níbẹ̀, wàá rò pé o wà ní ìsọjí.

Lẹ́yìn ìyẹn, mú ọmọ ẹ padà sílé: A Naija Christmas tí Kunle Afolayan darí, tó jáde lórí Netflix ní oṣù Kejìlá 2021. Ìyá kan tí àwọn ọmọkùnrin ẹ̀ mẹ́ta ò tíì gbéyàwó fárí gá, ó ní ẹni tó bá kọ́kọ́ mú ìyàwó wálé ló máa jogún ilé òun. Rachel Oniga ló ṣe ìyá yẹn. Oṣù Keje ọdún yẹn ló kú, kò rí i kí fíìmù náà jáde. Kò tíì di fíìmù àtijọ́, àmọ́ bí màmá yẹn ṣe ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ ẹ̀, ọmọ rẹ á mọ̀ pé ìyá àgbà òun nìyẹn.

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ bá wa parí ìjà. Ṣé Die Hard jẹ́ fíìmù Kérésì àbí kì í ṣe fíìmù Kérésì? (Àwọn oníbọ́ọ̀lù, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìdáhùn: Lójú tèmi, kì í ṣe. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì ni gbogbo ẹ̀ ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di alẹ́ ọjọ́ mìíì, ìbọn á ṣì máa dún bó ṣe ń dún. Bruce Willis tó jẹ́ olórí òṣèré inú ẹ̀ fúnra ẹ̀ sọ lọ́dún 2018 pé kì í ṣe fíìmù Kérésì. Ẹ má wá fi oṣù Keje 1988 tó jáde ṣe ẹ̀rí fún mi o, torí ìgbà ooru ni Miracle on 34th Street náà jáde. Fíìmù tó dáa ni, ẹ wò ó nígbà táwọn ọmọdé bá ti sùn.

Ìbéèrè: Àǹtí mi, oṣù Kẹfà lọkọ mi kú. Èmi àti ẹ̀ la máa ń wo White Christmas lálẹ́ ọdún, nítorí orin inú ẹ̀ ni, ó máa ń kọ ọ́ tẹ̀ lé wọn. Àwọn ọmọ ní kí n wá bá àwọn ṣọdún l'Ékòó, mi ò fẹ́ kúrò nílé. Ẹ sọ fún mi, kí ni kí n wò tí kò ní bà mí nínú jẹ́? (Ìyá kan, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Ìyá mi, ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú àdánù. Ọlọ́run á tù yín nínú. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹta.

Mi ò rò pé fíìmù kan wà tí kò ní bà yín nínú jẹ́ lọ́dún yìí, ẹ̀rín inú ẹ̀ pàápàá lè ṣe é. Nítorí náà mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ gbé White Christmas jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ lọ wá òmíràn. Ọdún 1954 ni wọ́n ṣe é, ó ní àwọ̀, Bing Crosby, Danny Kaye, Rosemary Clooney àti Vera-Ellen, ẹ ti mọ gbogbo ìyẹn jù mí lọ. Àmọ́ mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín nípa Irving Berlin tó kọ orin náà. Júù ni, Kérésì kì í ṣe ọdún ẹ̀ látilẹ̀. Lọ́jọ́ Kérésì ọdún 1928 ni ọmọ ẹ̀ ọkùnrin kú, ìkókó tí kò tíì pé oṣù kan. Látìgbà yẹn, tí Kérésì bá dé, ibojì ọmọ yẹn ni òun àtìyàwó ẹ̀ máa ń lọ. Ẹni tó kọ orin tí gbogbo ayé ń fi ṣayọ̀ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fetí sí orin náà dáadáa, ẹ máa gbọ́ ọ pé kì í ṣe orin ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ti tẹ nǹkan, orin ẹni tó ń rántí ni, tó ń wá ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ rí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ wò ó nílé yín, lórí àga yín, àmọ́ ẹ má dá wò ó. Ẹ sọ fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn kó wá sí Òṣogbo kẹ́ ẹ tó wá s'Ékòó, ọjọ́ kan péré ti tó. Tí orin yẹn bá dé tẹ́ ò lè gbọ́ ọ tán, ẹ pa á, ẹ po tíì, ẹ máa sọ fọ́mọ yẹn bí bàbá ẹ̀ ṣe máa ń kọ ọ́, ibi tó ti máa ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ibi tí ohùn ẹ̀ kì í dé. Ìyókù fíìmù náà á dúró dè yín. Lẹ́yìn ọdún, tágbára bá wà, ẹ kọ̀wé sí mi padà, kẹ́ ẹ sọ orin tó fẹ́ràn jù nínú ẹ̀ fún mi.